Abiyamọ Níta Ilé Àdúrà

Omi ìwẹ̀ ọmọ wà lórí sítóòfù lọ́jọ́ tí ogun dé Jeppestown, àdúgbò wa nílẹ̀ àjèjì. Àwọn oníròyìn kò pè é ní ogun. Rògbòdìyàn ni wọ́n pè é, àwọn ìjọba sì ní ìwà ọ̀daràn lásán ni. Ẹ̀yin ọmọ tí ojú yín kò tó o, ẹ pè é ní ohun tó bá wù yín. Èmi tí mo gbé ìkókó sáyà, tí mo gba àárín àwọn ọkùnrin tó mú kùmọ̀ àti irin lọ́wọ́ kọjá, mo mọ orúkọ tó ń jẹ́.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni. Ọmọ mi kò tíì lórúkọ, nítorí ọjọ́ ìkómọjáde kò tíì pé. Yàrá kan ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ. Aṣọ àdúrà ni mo ń rán jù lọ, torí ìjọ aláṣọ funfun kan ní Berea là ń lọ. Láti orí wòlíì títí dé orí àwọn ọmọdé inú ìjọ náà, kò sẹ́ni tó ń wọ sùtánà tí kì í ṣe ẹ̀rọ mi ló rán an. Mo mọ ìbú èjìká gbogbo wọn. Mo mọ ẹni tí ikùn rẹ̀ ń yọ tí kò fẹ́ kí n tú aṣọ òun sí i.

Ìyá mi kò rí físà gbà láti wá tọ́jú mi. Aládùúgbò mi ló gba iṣẹ́ náà ṣe, obìnrin ará Malawi kan tó ń jẹ́ Chikondi, tó ń bá àwọn olówó tọ́jú ilé ní apá àríwá ìlú. Kó tó lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, á kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ mi. Á gbé fóònù mi ti ògiri, ojú ìyá mi á yọ níbẹ̀ láti Iléṣà, ìyá mi á sì máa pariwo: bí wọ́n ṣe ń na apá ọmọ, bí wọ́n ṣe ń fi omi gbígbóná tẹ ikùn ìyálọ́mọ kí ẹ̀jẹ̀ burúkú lè jáde. Chikondi kò gbọ́ Yorùbá, ìyá mi kò sì gbọ́ ju Yorùbá lọ, síbẹ̀ iṣẹ́ ń lọ. Nígbà tó yá, ó ti ń mú ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Omi. Pẹ̀lẹ́. Ó ti tó. Ó fẹ́ràn “ẹ jọ̀ọ́” jù, tó fi jẹ́ pé ìkókó gan-an ló ń sọ ọ́ fún: “Ẹ jọ̀ọ́, má sunkún.” Ìyá mi á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Chikondi ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú omi, ó sì dá ọwọ́ dúró. Fèrè ni a gbọ́, lẹ́yìn náà ìró irin lára géètì, láti ìsàlẹ̀ àdúgbò. Àwọn ọkùnrin ń kọrin. Bí wọ́n ṣe ń súnmọ́ wa ni ìró irin náà ń pọ̀ sí i. Ará Ethiopia tó ń ta búláńkẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í fa ilẹ̀kùn irin rẹ̀ wálẹ̀. Mo gbọ́ ọ tó ń fà á. Mi ò gbọ́ ọ kó parí rẹ̀.

Fóònù dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọkọ mi ni. Iṣẹ́ pánẹ́bítà ló ń ṣe, ó sì ti lọ tún ọkọ̀ kan ṣe ní Rustenburg láti òpin ọ̀sẹ̀.

“Ibo lo wà?”

“Ilé.”

“Kúrò níbẹ̀! Wọ́n ní wọ́n ti ń sun ṣọ́ọ̀bù àwọn àlejò. Gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ṣé o gbọ́ mi? Ṣọ́ọ̀ṣì ni kó o lọ, má yà síbòmíràn.”

Mo ní mo ti gbọ́. Kò rántí, èmi náà kò sì rántí. Nínú ìjọ wa, obìnrin tó bímọ kì í wọ ilé àdúrà títí ogójì ọjọ́ á fi pé. Òfin tí a bá lọ́wọ́ àwọn baba wa nìyẹn, kò sì ni wá lára nílé rí. Nílé, ṣọ́ọ̀ṣì wa ní àgbàlá. Igi máńgòrò wà níbẹ̀, ẹ̀rọ omi wà níbẹ̀, ilé àbíyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí àwọn ìyá àgbà ti ń gbẹ̀bí. Obìnrin tí kò lè wọ inú á jókòó síbẹ̀, wọ́n á gbé oúnjẹ fún un, wọ́n á bá a gbé ọmọ. Nígbà tí a bá ní “lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì”, gbogbo ìyẹn ló wà lọ́kàn wa. A gbàgbé pé a ti kúrò nílé. Ní Berea, gbọ̀ngàn tí a háyà lókè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ṣọ́ọ̀ṣì wa. Láti ojú títì, àtẹ̀gùn ni. Láti orí àtẹ̀gùn, géètì irin ni. Bí o bá ti wọ géètì yẹn, orí ilẹ̀ mímọ́ lo wà.

A gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde. Ọmọ nìkan ni mo mú, pẹ̀lú fóònù àti ìró tó wà nídìí mi. Ẹ̀jẹ̀ ìbí ṣì ń bọ́ lára mi, mi ò lè sáré. Chikondi di apá mi mú. Nígbà tí a dé ìkóríta, mo bojú wẹ̀yìn, mo rí àwọn ènìyàn nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Kì í ṣe àwọn ọlọ́kùmọ̀ nìkan. Obìnrin tí mo bá gé ṣòkòtò ọmọ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ló gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi lé orí. Ẹnì kan ń wọ́ ìdì aṣọ funfun tí mo rà fún ìkórè ìjọ lẹ́yìn nínú ẹrọ̀fọ̀, ó ń tú, ó sì gùn lọ láti ẹnu ọ̀nà mi dé ìdí robot, iná tó ń darí ọkọ̀. Mo ń sunkún, àmọ́ bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Mo rí gbogbo wọn.

Táksì kan dúró fún wa torí Chikondi fi Zulu dá a dúró. Ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ tó ń wò mí, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan. Mi ò gbọ́ ohun tó wí, àmọ́ mo mọ ohun tó ń wá: ó fẹ́ gbọ́ bí ahọ́n mi ṣe máa yí. Chikondi yára dá a lóhùn. Ọkùnrin náà bojú wo ọmọ, ó kùn sínú, ó sì gbójú sẹ́yìn fèrèsé. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, mo bi Chikondi pé kí ló sọ.

“I tell him you are my sister,” ó ní. “I tell him you don't speak, from birth.”

Báyìí ni mo ṣe di odi. Mo ti gba orúkọ púpọ̀ ní ìlú yìí, ìyẹn nìkan ló ṣe mí lóore.

Ìsàlẹ̀ òkè ni táksì náà já wa sílẹ̀ sí. Ẹsẹ̀ la fi rin ìyókù dé Berea. Àwọn ènìyàn ń lọ lójú títì pẹ̀lú ẹrù lórí, wọn ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Oòrùn ti ta nígbà tí a dé ilé náà. Ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, yàrá kan wà tí wọ́n ń kó garawa ìdọ̀tí sí tẹ́lẹ̀. Bàbá afọ́jú kan, ará Zimbabwe, àti ìyàwó rẹ̀ tí òun náà fọ́jú, ló ń gbé ibẹ̀. Sekuru ni gbogbo ènìyàn ń pè é, bí àwọn ará ìlú rẹ̀ ṣe ń pe bàbá àgbà. Ìdí robot ni wọ́n ti ń tọrọ bárà. Àwọn ọmọ ìjọ ti bẹ onílé títí pé kó lé wọn, wọ́n ní òórùn wọn ń gòkè wá síbi ìsìn.

A gun àtẹ̀gùn. Ìyá Ìjọ ló dúró nídìí géètì, obìnrin gíga kan, ọmọ Abẹ́òkúta, tó jẹ́ pé òun ló gba oyún mi ládùúrà láti oṣù kìn-ín-ní. Nígbà tó rí mi, ó pariwo orúkọ Ọlọ́run. Ó na ọwọ́ láti ẹ̀yìn irin, ó fọwọ́ kan ọmọ lórí. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tó ń ronú. Mo rí i kedere bí mo ṣe ń rí ojú abẹ́rẹ́.

“Ìyá Ìkókó, ọjọ́ rẹ kò tíì pé.”

“Ìyá, wọ́n ń pa ènìyàn.”

“Mo mọ̀. Gbogbo wa la wà lẹ́nu ẹ̀. Ṣùgbọ́n o rí i pé kò sí àgbàlá níbí.”

“Ẹ jẹ́ kí n jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mi ò ní í dé ibi pẹpẹ.”

Ó lọ pe wòlíì. Wòlíì dé pẹ̀lú aṣọ tí mo rán fún un ní ọdún Àjíǹde. Kò bínú. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń tu ènìyàn nínú. Ó ní nírú ọjọ́ báyìí gan-an ni kò yẹ kí a ba ibi mímọ́ jẹ́, torí ọwọ́ Ọlọ́run nìkan ló wà láàárín àwọn àti ikú, bí ọwọ́ náà bá sì ká kúrò, gbogbo ènìyàn inú gbọ̀ngàn ló lọ. Ó ní kí n fún wọn lọ́mọ kí wọ́n gbé e wọlé, ọmọ kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan.

“Ta ni á fún un lọ́mú?”

“Ọlọ́run á pèsè.”

“Ọlọ́run ti pèsè. Àyà mi nìyí.”

Dókítà kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ìjọ wa, tó jẹ́ pé iṣẹ́ ìgbẹ̀bí ló ń ṣe nílé ìwòsàn. Ọwọ́ tó ń fi gbẹ̀bí láàárọ̀ ló fi ń tan àbẹ́là nírọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé ọwọ́ náà kò mọ́. Ó ní, “Bàbá, nítorí pàjáwìrì yìí, ṣé a ò lè…” Wòlíì bojú wò ó. Dókítà bá mú fóònù rẹ̀ jáde, ó ń wo ojú rẹ̀.

Mo bi wòlíì léèrè bóyá ó rántí obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ fún ọdún méjìlá nínú Bíbélì, tó fọwọ́ kan aṣọ Jésù láàárín èrò, àti bóyá Jésù ní kó padà síta. Ó ní èmi kọ́ ni màá wá kọ́ òun ní Ìwé Mímọ́. Ìyá Ìjọ ní kí n má fi ìbínú sọ̀rọ̀ sí ẹni òróró. Ó wá kọjú sí Chikondi, ó bi í lédè Gẹ̀ẹ́sì bóyá ara rẹ̀ mọ́, bóyá kò sí nínú nǹkan oṣù rẹ̀. Bó bá mọ́, kó bọ́ bàtà, kó bo orí, kó gbé ọmọ wọlé.

Chikondi bi í pé, “And her?”

“She will wait. God is with her.”

“Then God is outside,” Chikondi ní. “I stay with them.”

Kì í ṣe ọmọ ìjọ wa. Kò tilẹ̀ jẹ wá ní gbèsè kankan. Mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ láti ọjọ́ náà, mi ò tíì gbọ́ èyí tó gùn tó ọ̀rọ̀ yẹn.

Wọ́n ti géètì. Kí n má purọ́, Ìyá Ìjọ ń sunkún bó ṣe ń yí kọ́kọ́rọ́. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn fi ẹ̀gún sọ́wọ́, ó sì tún ń bá ni sunkún. A sọ̀ kalẹ̀. A ò tíì dé ìsàlẹ̀ tán tí mo fi gbọ́ fèrè yẹn lójú títì Berea, irú èyí tí mo gbọ́ láàárọ̀. Mo yíjú padà sókè, mo fi ọwọ́ lu ògiri àtẹ̀gùn kí wọ́n lè gbọ́ wa. Lókè, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ orin àti àtẹ́wọ́.

Ilẹ̀kùn yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn ló ṣí. Sekuru na ọ̀pá rẹ̀ jáde, ó béèrè pé ta ni.

Chikondi ní abiyamọ ni, pẹ̀lú ọmọ rẹ̀.

Kò béèrè ohun mìíràn. Ó kúrò lẹ́nu ọ̀nà, a wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé ẹ̀yìn tì í, ó jókòó. Yàrá náà kò ní fèrèsé, kò sì ní iná, torí àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ kò nílò iná. Òórùn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Òórùn èmi náà wà níbẹ̀ báyìí. Ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ wá ojú mi, ó fọwọ́ wá orí ọmọ, ó gbé ife kan lé mi lọ́wọ́. Omi ni. Mo mu ún tán kí n tó mọ̀ pé ìyẹn ni gbogbo èyí tí wọ́n ní. Omi kò tíì yọ nínú ẹ̀rọ ilé náà láti ọjọ́ mélòó kan.

A jókòó síbẹ̀ títí di ọ̀sán. Ogun lọ, ogun bọ̀. A ń gbọ́ gíláàsì tó ń fọ́. A ń gbọ́ ẹsẹ̀. Lókè wa, orin kò dáwọ́ dúró. Mi ò tíì jẹun láti àná, ẹ̀jẹ̀ ń lọ, ọmú sì ti rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Ọmọ á fà á, á fà á, á tú u sílẹ̀, á bú sẹ́kún. Ẹkún yẹn ni ìṣòro wa. Ọmọ kò mọ ogun. Bó bá ké nígbà tí wọ́n ń kọjá, ó parí fún gbogbo wa, pẹ̀lú arúgbó méjì tó gbà wá sílé. Mo mọ̀ ọ́n, Sekuru mọ̀ ọ́n, kò sì sẹ́ni tó sọ ọ́.

Nígbà tí ìta dákẹ́ díẹ̀, Chikondi dìde.

“They have water up there,” ó ní. “I saw. Many bottles.”

Òótọ́ ni. Gbogbo wa la máa ń gbé ike omi lọ síbi pẹpẹ kí wòlíì lè gbàdúrà sí i. Bí ògiri ni wọ́n ṣe ń tò ó. Mo ní kó má lọ. Ó ní bí n kò bá mu omi, ọmú kò ní í wá. Ìyá mi ló kọ́ òun bẹ́ẹ̀ láti orí fóònù. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ nígbà tó sọ ọ́. Mo gbọ́ ẹ̀rín náà, mi ò rí ojú rẹ̀. Sekuru dìde fún un, ó ṣílẹ̀kùn, ó sì tún tì í.

Mo ka ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí wa bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn. Ó kan géètì jẹ́jẹ́. Ó tún kàn án. Ó wá ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a. Orin ń lọ. Ó pè wọ́n, Yorùbá ló sì fi pè wọ́n, èyí tí ìyá mi kọ́ ọ.

“Ẹ jọ̀ọ́! Ẹ jọ̀ọ́, omi! Omi, ẹ jọ̀ọ́!”

Ó pè títí. Orin náà wá lé sí i, mo gbọ́ bí àtẹ́wọ́ ṣe ń le. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin dé láti ojú títì. Wọ́n gba iwájú ilẹ̀kùn wa kọjá, wọ́n gòkè lọ bá a.

Ọmọ mi ṣí ẹnu láti ké. Ìyàwó Sekuru gbà á lọ́wọ́ mi nínú òkùnkùn, ó tú àyà rẹ̀, ó ki ọmú tirẹ̀ bọ ọmọ lẹ́nu, ọmú arúgbó tí kò ti ní nǹkan kan nínú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọ náà gbà á. Ọmọ náà dákẹ́. Mo ki etí ìró mi bọ ẹnu ara mi. Mo fẹ́ jáde. Sekuru fi gbogbo ara rẹ̀ tẹ ilẹ̀kùn, ó sì di ọwọ́ mi mú. Ohun tí mo gbọ́ lórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ náà, mi ò ní í kọ ọ́ síbí. Kò pẹ́. Ẹ fi mí sílẹ̀ níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, orin lókè dáwọ́ dúró. Ìyẹn ni mi ò lè gbàgbé: pé wọ́n mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dákẹ́. Gbogbo ilé náà dákẹ́ rọ́rọ́. Ó pẹ́ kí géètì tó ké. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ láìwọ bàtà, bí òfin wa ṣe wí, mo sì gbọ́ ibi tí gbogbo ẹsẹ̀ náà ti dúró. Dókítà ló kúnlẹ̀ tì í. Ó gbìyànjú, mi ò ní í gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Chikondi kú kí ọkọ̀ ilé ìwòsàn tó dé.

Ní ọjọ́ kejì, kí ìsìn àṣálẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ya àtẹ̀gùn sí mímọ́, torí ẹ̀jẹ̀ ti kàn án. Wọ́n ka Sáàmù, wọ́n wọ́n lọ́fínńdà. Wọ́n gbé àwọn ike tó wà níbi pẹpẹ jáde, wọ́n dà wọ́n lé àtẹ̀gùn lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Omi náà pọ̀. Ó wọ abẹ́ ilẹ̀kùn Sekuru.

Ọkọ mi dé, ó sunkún, ó kó wa lọ sí ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Ẹ̀gbọ́n Chikondi wá láti Blantyre, ó gbé òkú rẹ̀ lọ. Ó bi mí pé kí ló gbé e dórí àtẹ̀gùn yẹn, mo ní omi ló lọ bá mi wá. Ó mi orí. Kò bi mí ní ìkejì.

Ọkọ mi sọ ọmọ wa ní Tèmítọ́pẹ́. Mi ò bá a jiyàn, ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè dúpẹ́. Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, ìjọ ránṣẹ́ pé kí n wá jẹ́rìí bí Ọlọ́run ṣe pa mí mọ́ lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn ilé Rẹ̀. Mi ò lọ. Wòlíì bá mi jẹ́rìí náà lórí pẹpẹ, wọ́n ní gbogbo ìjọ jó. Ọkọ mi jó.

Nǹkan mìíràn tún wà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ mi dun àwọn, pé àwọn ti kọ́ ẹ̀kọ́, pé kò tún gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ kí abiyamọ wá kí ó má rí ibi jókòó sí. Wọ́n tún bá onílé sọ̀rọ̀, onílé gbà lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n kó Sekuru àti ìyàwó rẹ̀ jáde, wọ́n kun yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn ní funfun, wọ́n fa iná sí i, wọ́n to àga sí i fún àwọn obìnrin tí ara wọn kò mọ́. Wọ́n pè mí pé kí n wá gé ríbọ́ọ̀nù. Mo wá Sekuru káàkiri gbogbo ìdí robot láti Berea dé Marshalltown, mi ò rí i. Títí di òní, bí mo bá rí afọ́jú tó ń tọrọ bárà, màá lọ wo ojú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ máa ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò bínú sí àwọn ọlọ́kùmọ̀. Mo ń bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ wọ́n. Àwọn tó wà lókè ni mo mọ̀, mo mọ ìwọ̀n ọrùn wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ pé ènìyàn ló ń bẹ àwọn fún omi; wọ́n ní ìró tí àwọn gbọ́, àwọn rò pé àwọn ajagun ló ń fẹ́ já géètì. Ó lè jẹ́ òótọ́. Mo máa ń sọ ọ́ fún ara mi bẹ́ẹ̀. Ariwo pọ̀, ẹ̀rù ń ba gbogbo ènìyàn, irin sì nípọn. Ìyẹn ló jẹ́ kí n lè máa kí wọn bí a bá pàdé lọ́jà.

Ní ọdún tó kọjá, Ìyá Ìjọ wá sílé mi lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Ó ti di arúgbó, ó ń fi ọ̀pá rìn, ọmọ rẹ̀ ló fi ọkọ̀ gbé e wá tó sì dúró nísàlẹ̀. Mo gbé àga fún un. Kò jókòó.

“Ìyá Tèmítọ́pẹ́,” ó ní, “àìsàn kan wà lára mi. Mi ò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ.”

“Ẹ jókòó, Mà.”

“A gbọ́ ọ.”

Mo gbé àga náà súnmọ́ ọn.

“A gbọ́ pé Yorùbá ló ń sọ. Gbogbo wa. Mo ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, mo ti dé ìdí géètì. Wòlíì ní bí a bá ṣí i, wọ́n á wọlé tẹ̀ lé e. Ó ní kí a gbóhùn sókè.” Ó mí. “Èmi ni mo dá orin.”

Ó fẹ́ kúnlẹ̀ fún mi. Mo sáré dì í mú lápá méjèèjì, torí àgbàlagbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọ. Kì í ṣe pé mo dárí jì í. Ọwọ́ mi ló ṣe é kí ọkàn mi tó mọ̀.

“Dárí jì mí, ọmọ mi.”

“Ìyá, kì í ṣe èmi lẹ ṣẹ̀.”

“Ta ni màá wá bẹ̀?”

Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo pe ọmọ rẹ̀ pé kó wá ràn án lọ́wọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó rọra ń lọ, ó ń bojú wẹ̀yìn. Mo dúró títí mo fi gbọ́ tí ọkọ̀ wọn lọ, mo sì ti ilẹ̀kùn.

Tèmítọ́pẹ́ jáde láti yàrá, ó yọ nǹkan tó fi ń gbọ́ orin kúrò létí. “Mummy, who was that? What did she want?”

Mo ní ìyá àgbà kan ni, ó wá béèrè ohun tí mi ò ní.